Iwájú Òkìtì, Ẹ̀yìn Òkìtì: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Wa Ọkọ̀ Lórí Iyanrìn Glamis

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní San Diego sọ kí ọdún Thanksgiving tó wọlé nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, mo sì fi ìdáhùn sí ìbéèrè méjì kún un.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin òbí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ń bi mí láti ẹnu ọ̀nà pé ìgbà wo la ń lọ, ẹ fara balẹ̀, a máa dé orí rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni wíwa ọkọ̀ àti gígun alùpùpù ní Imperial Sand Dunes, ibi tí gbogbo èèyàn ń pè ní Glamis. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Tí èèyàn bá gba títì Interstate 8 láti ìlú wa yìí lọ sí ìhà ìlà oòrùn, tó gun òkè, tó sọ̀ kalẹ̀ sí El Centro, kò ní tó wákàtí mẹ́ta tí iyanrìn á fi dé iwájú rẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń bá àwọn ọ̀rẹ́ wọn nílé ẹ̀kọ́ lọ síbẹ̀. Àwọn kan nínú wa náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í háyà alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Inú mi dùn sí i. Ibi tó dára ni, ilẹ̀ ìjọba ni, ẹ̀tọ́ wa sì ni bó ṣe jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ará ìlú.

Ohun tí mo wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ lórí òkìtì iyanrìn, kó kọ́kọ́ mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Tó bá mọ ìyẹn, á mọ ẹ̀gbẹ́ òkìtì tó rọra gòkè àti ẹ̀gbẹ́ tó já gbọnrangandan. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, owó tó fi ra ọkọ̀ kò ní gbà á sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí iyanrìn fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òkìtì tí à ń wí yìí, tí wọ́n tún ń pè ní Algodones Dunes, wà ní igun California tó sún mọ́ Arizona àti Mexico. Gígùn rẹ̀ ju máìlì 40 lọ, fífẹ̀ rẹ̀ tó máìlì 5 tàbí 6, àwọn tó ga jù níbẹ̀ sì tó 300 ẹsẹ̀ bàtà. Odò Colorado ló gbé iyanrìn yẹn wá. Láyé àtijọ́, odò náà a máa yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, a máa da omi sínú kòtò ńlá tí Salton Sea wà lónìí, adágún ńlá kan á sì kún síbẹ̀. Lake Cahuilla ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Nígbà tí odò bá padà sójú ọ̀nà, adágún á gbẹ, iyanrìn etí rẹ̀ á ṣẹ́ kù sílẹ̀. Atẹ́gùn tó ń ti àríwá ìwọ̀ oòrùn fẹ́ ló ń gbá iyanrìn náà lọ sí gúúsù ìlà oòrùn, ọdún gorí ọdún, títí ó fi di ohun tí à ń wò yìí.

Báwo ni atẹ́gùn ṣe ń kọ́ òkìtì? Hóró iyanrìn wúwo ju eruku lọ. Atẹ́gùn á gbé e nílẹ̀ díẹ̀, á bọ́ sílẹ̀, á gbá èyí tó wà nílẹ̀, ìyẹn náà á ta sókè. Bí wọ́n ṣe ń ta bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gun iwájú òkìtì, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ atẹ́gùn. Tí wọ́n bá dé góńgó, atẹ́gùn kò rí wọn tì mọ́. Wọ́n á já sí ẹ̀yìn òkìtì, wọ́n á máa kó jọ síbẹ̀ títí ibẹ̀ á fi ga jù, á wá ya wálẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí bí ìyá onígàrí ṣe ń bu gàrí lé orí kóńgò títí tó fi ṣe ṣóńṣó, tí èyí tó bá tún bù lé e kàn ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ lọ, ẹ ti mọ ohun tí mò ń sọ. Gàrí ní ibi tí gíga rẹ̀ mọ. Iyanrìn gbígbẹ náà ní tirẹ̀, nǹkan bíi dìgírì 34 ni. Ẹ̀yìn òkìtì tí atẹ́gùn ń kọ́ lọ́wọ́ máa ń wà ní bèbè ìyẹn gan-an, ìwọ̀nba nǹkan díẹ̀ ló kù kó ya. Iwájú rẹ̀ ńkọ́? Ó sábà máa ń wà láàárín dìgírì 10 sí 15.

Ẹ fi ojú inú wo ẹni tó ń ti iwájú bọ̀. Ilẹ̀ rọra ń gòkè. Iyanrìn ibẹ̀ le díẹ̀, nítorí atẹ́gùn ti gbá a mọ́lẹ̀. Táyà ń mú ilẹ̀, ọkọ̀ ń dùn ún wà, ó ń tẹ iná. Imú ọkọ̀ kọjú sókè, nítorí náà ojú ọ̀run nìkan ló ń rí. Lójijì, ilẹ̀ tán. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ báyìí ni ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà iyanrìn rírọ̀ tó já sísàlẹ̀, bóyá pẹ̀lú ìdílé kan tó dúró nísàlẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń mu omi lábẹ́ òjìji. Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Kò sí pátákó ìkìlọ̀ lórí òkìtì, nítorí òkìtì ń rìn, kò sì sí ibi tí èèyàn lè ri pátákó mọ́ tí yóò wúlò lọ́dún tó ń bọ̀.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ kó tó gòkè? Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ ó rí àwọn ìlà kéékèèké tó tò tẹ̀lé ara wọn lórí iyanrìn, tí àlàfo àárín wọn kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní iwájú, ó sì ní ẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí òkìtì ńlá ṣe ní. Ẹ fi ìka tọ́ ọ wò: ẹ̀gbẹ́ kan rọra gòkè, ẹ̀gbẹ́ kejì já. Apá ibi tí ẹ̀gbẹ́ tó já kọjú sí ni atẹ́gùn fẹ́ lọ kẹ́yìn. Àwọn hóró tó tóbi ló máa ń jókòó sórí ìlà, àwọn tó kúnná á wà ní kòtò àárín wọn. Tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ lọ́wọ́, iṣẹ́ tún rọrùn sí i: ẹ wo góńgó òkìtì tó wà lókèèrè, ẹ ó rí i tí iyanrìn ń rú níbẹ̀, tó ń fẹ́ lọ sí ìhà ẹ̀yìn. Ìṣẹ́jú kan péré ni gbogbo èyí gbà. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ tó wà níbí mọ̀ ọ́n ṣe kó tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má há a sórí pé ìhà ìlà oòrùn ni ẹ̀yìn òkìtì máa ń wà. Lóòótọ́, nígbà òtútù àti ìgbà ìrúwé, àríwá ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn ti máa ń wá jù. Nígbà ooru, tí ìjì òjò bá ń ti ìhà Mexico bọ̀, ó lè yí padà, kó máa ti gúúsù ìlà oòrùn fẹ́. Góńgó òkìtì á wá yí ojú rẹ̀ padà. Nígbà mìíràn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á já, etí òkè á mú ṣáṣá. Razorback ni àwọn tó ń wa ọkọ̀ níbẹ̀ ń pè é. Ọkọ̀ tó bá gun irú etí bẹ́ẹ̀ tààrà, àyà rẹ̀ ni yóò fi jókòó sórí rẹ̀, táyà iwájú àti tẹ̀yìn á máa yí lófìfo. Òmíràn tún wà tó burú jù ú lọ. Òkìtì méjì tàbí mẹ́ta á pàdé, wọ́n á yí kòtò roboto kan ká, ẹ̀gbẹ́ kòtò náà á já láti gbogbo ìhà. Witch eye ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹni tó bá já sínú rẹ̀ lè má rí ọ̀nà jáde láìjẹ́ pé wọ́n fa ọkọ̀ rẹ̀.

Àkókò tí oòrùn wà lórí pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, òjìji máa ń fi ẹ̀yìn òkìtì hàn: ibi tó dúdú ni ibi tó já. Ní ọ̀sán gangan, òjìji á tán, gbogbo iyanrìn á di àwọ̀ kan náà, èèyàn lè wà ní ogún ẹsẹ̀ bàtà sí etí góńgó kó má mọ̀. Èmi kì í jẹ́ kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ wa ọkọ̀ láàárín aago mọ́kànlá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. A máa ń jẹun nígbà yẹn, a máa ń sinmi.

Bí a ṣe ń gun òkìtì nìyí. Ẹ má kọjú sí góńgó tààrà. Ẹ gbà á ní ìdábùú, kí ọkọ̀ máa gòkè bó ṣe ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ṣe ń sún mọ́ òkè, ẹ máa dín iná kù, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá, nítorí táyà tó bá dúró lórí ìdàgẹ̀rẹ̀ yóò gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé etí góńgó lọ díẹ̀, kí ẹ lè yọjú wo ẹ̀yìn òkìtì láti ẹ̀gbẹ́. Tí ẹ bá rí i pé ibẹ̀ mọ́, pé kò sí ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀, ẹ yí imú ọkọ̀ sísàlẹ̀ tààrà, kí ẹ jẹ́ kí ó sọ̀. Tààrà ni mo wí. Ẹni tó bá yí ọkọ̀ sí ìdábùú lórí dìgírì 34 ti ní kó gbókìtì nìyẹn. Ẹ má fi bíréèkì iwájú mú un. Iná díẹ̀ ni kí ẹ máa fún un, kí táyà iwájú má baà rì. Tí ẹ bá sì ti dé ìsàlẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀ kíákíá. Ẹ má ṣe dúró sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òkìtì láé, nítorí ẹlòmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn tí kò rí yín.

Nítorí ẹni tí kò rí yín yẹn ni òfin àsíá ṣe wà. Gbogbo ọkọ̀ tó bá wọ orí iyanrìn Glamis gbọ́dọ̀ ní ọ̀pá kan tí orí rẹ̀ ga tó 8 ẹsẹ̀ bàtà sí ilẹ̀, kí àsíá pupa tàbí olómi ọsàn tó fẹ̀ tó íǹṣì 6, tó gùn tó íǹṣì 12, wà lókè rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn òkìtì kò lè rí ọkọ̀ yín, ṣùgbọ́n á rí àsíá yín tó ń yọ bọ̀ kí ẹ tó dé góńgó. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń yọ ọ̀pá yìí kí fọ́tò wọn lè dára. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́, iná kékeré tó ń tàn lórí ọ̀pá ń ṣe iṣẹ́ kan náà, nítorí iná iwájú ọkọ̀ tó ń gòkè ojú ọ̀run ló ń tàn sí.

Ti táyà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Táyà tó kún fún atẹ́gùn á gé iyanrìn wọlẹ̀, èyí tí a dín atẹ́gùn rẹ̀ kù á tẹ́ pẹrẹsẹ, á léfòó lórí rẹ̀. Ẹ tẹ ẹnu táyà kí afẹ́fẹ́ máa jáde, ẹ fi géèjì wọ̀n ọ́n, ẹ wo ìdí táyà títí tí yóò fi wú sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ẹ rántí pé ẹ gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó bọ́ sórí títì ọ̀dà. Àwọn tó ti mọ iṣẹ́ dáadáa máa ń lo táyà tí wọ́n kọ́ àwo pẹlẹbẹ sí lára lẹ́yìn, tó ń wa iyanrìn bí ó ṣe ń yí. Kò pọn dandan fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ tí à ń wà níbẹ̀ lónìí ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ní 1964, Bruce Meyers, ará California tó máa ń kan ọkọ̀ ojú omi, fi fáíbà ṣe ara ọkọ̀ kékeré kan, ó fi ẹ́ńjìnnì àti àwọn ẹ̀yà ara Volkswagen ìjàpá sí i, ó pè é ní Meyers Manx. Ọkọ̀ fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn níbi tí táyà ti nílò ìwúwo, iyanrìn sì gbà á. Ní 1970, Honda gbé alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá sí Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ó sì pa ọ̀pọ̀ lára wọn, nítorí ohun tó ní ẹsẹ̀ kan níwájú tètè máa ń ṣubú tó bá yí lórí ìdàgẹ̀rẹ̀. Suzuki gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin jáde ní 1982. Ìjọba àpapọ̀ gbé àwọn ilé iṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́, ní 1988 sì ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn kò ní ta ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tuntun mọ́. Àwọn kan bínú nígbà náà. Lójú tèmi, ìpinnu tó tọ́ ni, ì bá ti yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọdún 2000 ni èyí tí èèyàn ń jókòó sínú rẹ̀ bíi mọ́tò wá gbòde, tó ní sítíárìn, bẹ́líìtì àti irin tó yí orí ká. Òun ni mo máa ń gba ìdílé nímọ̀ràn pé kí wọ́n háyà, lórí àdéhùn pé gbogbo wọn á de bẹ́líìtì, tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò sì ní yọ síta. Tí ọkọ̀ bá ń ṣubú, ọwọ́ ni èèyàn kọ́kọ́ máa ń nà jáde láti fi gbé ara ró, irin orí á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, nítorí àwọn àgbà á fẹ́ràn èyí. Kí ẹnikẹ́ni tó máa fi iyanrìn yìí ṣeré, ìdènà ni wọ́n kà á sí. San Diego fẹ́ kí títì Arizona wá sọ́dọ̀ òun, òkìtì sì dínà. Ní 1915, oníṣòwò kan nílùú wa yìí tó ń jẹ́ Ed Fletcher àti Ed Boyd, aṣojú ìlú ní Imperial County, kó àwọn olùyọ̀ǹda jọ. Láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n to pákó sórí iyanrìn fún máìlì 6 àbọ̀: ìlà pákó méjì, ọ̀kan fún táyà ọ̀tún, ọ̀kan fún ti òsì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba ìpínlẹ̀ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, pákó tí wọ́n ti kàn pọ̀ ní 8 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú, 12 ní gígùn, kí wọ́n lè máa fi ẹṣin gbé e kúrò tí iyanrìn bá bò ó. Iyanrìn sì bò ó léraléra. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ẹṣin wọ́ iyanrìn kúrò lójú títì, atẹ́gùn ń dá a padà. Ọkọ̀ méjì kò lè kọjá lára wọn àfi níbi tí wọ́n ti mú títì fẹ̀, awakọ̀ tí kò fẹ́ padà sẹ́yìn sì máa ń bá èkejì jà lójú ọ̀nà. Ọdún 1926 ni títì ọ̀dà gba ipò rẹ̀. Àfọ́kù pákó náà ṣì wà nítòsí Interstate 8 lónìí, wọ́n sọgbà yí i ká. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ wò ó. Ẹni tó bá rí ohun tí iyanrìn fi ojú títì yẹn rí, á bọ̀wọ̀ fún atẹ́gùn.

Ta ló wá ni ibẹ̀? Ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni, àjọ tí wọ́n ń pè ní BLM, ìyẹn Bureau of Land Management, ló ń bójú tó o. Láti October 1 títí di April 15, ọkọ̀ tó bá gbé yín wọbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ẹ rà á kí ẹ tó kúrò nílé. Kí ó tó di pé àṣẹ Ààrẹ Nixon jáde ní 1972, kò sí ìlànà kan gbòógì lórí ibi tí ọkọ̀ lè gbà lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Àṣẹ yẹn ló sọ pé kí gbogbo àjọ onílẹ̀ ìjọba pín ilẹ̀: ibí yìí ṣí sílẹ̀ fún ọkọ̀, ibí yìí kò ṣí. Ní Glamis, títì ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 78, tó la òkìtì kọjá, ni ààlà tó hàn jù. Apá àríwá rẹ̀, nǹkan bíi 26,000 éékà, ni Ilé Aṣòfin yà sọ́tọ̀ ní 1994. Ẹsẹ̀ èèyàn àti ẹṣin lè wọ ibẹ̀, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wọ ọ́.

Apá gúúsù ni ìjà ti ṣẹlẹ̀. Ewéko kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Peirson's milkvetch. Nínú gbogbo Amẹ́ríkà, orí òkìtì yìí nìkan ló ń hù. Òdòdó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò, ewé rẹ̀ tín-ín-rín, gbòǹgbò rẹ̀ gùn wọnú iyanrìn lọ wá omi. Ẹ wo èso rẹ̀: èèpo rẹ̀ wú, tó bá gbẹ, atẹ́gùn á máa yí i kiri lórí iyanrìn, hóró tó wà nínú rẹ̀ sì wà lára àwọn tó tóbi jù nínú gbogbo ìbátan rẹ̀ ní Àríwá Amẹ́ríkà. Ìwúlò títóbi yẹn ni pé oúnjẹ tó wà nínú hóró á tó fún èéhù láti yọ jáde kódà bí iyanrìn bá bò ó mọ́lẹ̀. Ewéko yìí ti kọ́ bí a ṣe ń bá atẹ́gùn gbé. Táyà ni kò lè bá gbé, nígbà tó ṣì wà ní èéhù.

Ní 1998, ìjọba àpapọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ohun tó wà nínú ewu. Ní 2000, àwọn ẹgbẹ́ adáàbòbò àyíká, Center for Biological Diversity ló ṣíwájú wọn, pe BLM lẹ́jọ́, àdéhùn tó sì jáde níbẹ̀ ti ilẹ̀ tó sún mọ́ 50,000 éékà mọ́ ọkọ̀. Inú àwọn tó ń wa ọkọ̀ kò dùn, wọ́n ní wọ́n ti gba ilẹ̀ baba àwọn. Ẹjọ́ gorí ẹjọ́, ètò gorí ètò, títí di 2013 tí BLM fi gbé ètò tuntun jáde: èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n tì ṣí padà, wọ́n sì pa ibi tí ewéko náà pọ̀ sí jù mọ́, ohun tó ju 9,000 éékà lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ìhà méjèèjì kò fara mọ́ ọn títí di òní. Èmi fara mọ́ ọn. Ẹni tó ní ààyè tó ju 100,000 éékà lọ láti sáré kò ní ìdí kankan láti ya wọ inú 9,000 tó kù. Òpó tí wọ́n rì sí ààlà yẹn, ẹ má kọjá rẹ̀, bí ipa táyà ẹlòmíràn bá tilẹ̀ wọ inú rẹ̀ lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ lórí ìgbà tí a máa lọ, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń dúró dè. Ẹ̀yin ń sọ pé Thanksgiving. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn tó máa ń wà lórí òkìtì lè ju 100,000 lọ. Àwọn oníṣòwò á pàtẹ, ọkọ̀ á máa díje lórí Competition Hill, iná á tàn yàà ní Oldsmobile Hill lóru. Ó dùn ún wò. Kì í ṣe ibi ìkọ́ṣẹ́. Ẹni tí kò tíì mọ bí a ṣe ń yọjú wo ẹ̀yìn òkìtì, àárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ tó ń fò kọ́ ló ti yẹ kó kọ́ ọ. Mo dábàá ọjọ́ Tuesday kan ní oṣù kìn-ín-ní, ní ìhà Gordon's Well lẹ́gbẹ̀ẹ́ Interstate 8, kí a wá àwọn òkìtì kéékèèké níbẹ̀. Ẹ wò wọ́n fún àárọ̀ kan lórí ẹsẹ̀ kí ẹ tó wa ohunkóhun. Ẹ má gbé ìgò dání, wọn kò gbà á lórí iyanrìn. Ẹ má sì mu ọtí. Ọlọ́pàá á mú ẹni tó bá mutí wa ọkọ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń mú un lórí títì.

Nígbà tí mo dákẹ́, ìyá kan dìde, ó béèrè bóyá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ọlọ́dún 12 lè gun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, kí àbúrò rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, Mọ́mì, ti àbúrò ni kí a kọ́kọ́ dáhùn: rárá. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ṣe fún ẹnì kan, ẹnì kan ni òfin gbà láàyè lórí rẹ̀. A mọ bí a ṣe ń gbé èèyàn mẹ́ta sórí ọ̀kadà nílé. Kò sí ìyẹn níbí. Ní ti ẹ̀gbọ́n, òfin California ní kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 14 má gùn ún láìjẹ́ pé òbí tàbí àgbàlagbà tí òbí yàn wà nítòsí tó ń ṣọ́ ọ, kí ọmọ náà tàbí àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ọ sì ní ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ààbò. Ẹ má gbé e gun ti àgbàlagbà. Ti ọmọdé wà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré. Àṣíborí ńkọ́? Dandan ni, fún gbogbo yín. Tó bá sì jẹ́ èyí tí ẹ jọ ń jókòó sínú rẹ̀ ni, ọmọ tó bá jókòó, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan àga, tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó irin ìdìmú, kò tíì tó ẹni tí ẹ lè gbé wọ inú rẹ̀.

Bàbá àgbà kan béèrè ohun tí a máa ṣe tí ọkọ̀ bá kú sí àárín òkìtì. Mo ní, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òkìtì ni ẹ wà. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni, kí ẹnì kan yọ ọ̀pá àsíá, kó gba ẹ̀gbẹ́ gun góńgó, kó dúró níbi tí ẹni tó ń ti iwájú bọ̀ á ti rí i, kó máa fì í. Kí àwọn yòókù kúrò nínú ọkọ̀, kí wọ́n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá jẹ́ pé ó rì ni, ẹ má tún tẹ iná. Ẹ fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn iwájú táyà kúrò, ẹ tún dín afẹ́fẹ́ táyà kù, ẹ ti pákó bọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá gbìyànjú láti sọ̀, kì í ṣe láti gòkè. Tí kò bá gbọ́, ẹ má fi ẹsẹ̀ rìn lọ wá ìrànwọ́ nínú oòrùn. Ẹ dúró ti ọkọ̀, ẹ mu omi, gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ni kí ẹ gbé dání. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù máa ń ṣòro ní kòtò àárín òkìtì, ó máa ń dára díẹ̀ lókè. Ẹni tó wà ní góńgó pẹ̀lú àsíá ni kó pe 911, kó ka nọ́ńbà tó wà lójú GPS fún wọn, kó má sì kúrò níbẹ̀ títí wọn ó fi dé.